Ọ̀pá Tí Mi Ò Jù Sílẹ̀

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọ́n á fi gbé mi sin. Kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó mi, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, orí fóòmù ni mo wà, mo di ọ̀pá gígùn kan mọ́ àyà, àwọn adájọ́ mẹ́ta ń wò mí, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó kọ sínú ìwé nínú wọn. Mo lè fi rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà pẹ́ kó tó dé.

Gbẹ̀rẹ̀fú ni wọ́n bí mi sí, lórí ilẹ̀ iyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, lápá Àgbádárìgì. Ègùn ni wá. Baba mi ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí ìlú, tó sì ń gbé wọn padà. Lẹ́yìn oko àgbọn wa, omi tóóró kan ya láti inú ọ̀sà. Ó fẹ̀ ju ohun tí èèyàn lè fò lásán lọ, kò sì tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ wọ ọkọ̀. Ọparun la fi ń sọdá rẹ̀. Wàá sáré, wàá ti ọparun bọ inú ẹrẹ̀ láàárín omi, wàá gbé ara lé e, yóò sì gbé ọ dé òdìkejì. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: o ò gbọdọ̀ fi ọ̀pá sílẹ̀, torí òun náà lo máa fi padà. Mo fi tèmi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje. Omi gbé e lọ. Òdìkejì ni mo wà láti àárọ̀ títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀, tí mò ń gbóòórùn ọbẹ̀ ìyá mi lókèèrè. Baba mi mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, kò kàn yára ni. Nígbà tó wá mú mi, ó ní, "Ṣé ọwọ́ rẹ ti gbọ́ báyìí?" Ọwọ́ mi gbọ́ lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀pá tó kúrò lọ́wọ́ mi mọ́.

Nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ni mo yàn. Kóòṣì wa jẹ́ ọkùnrin Àwórì kan láti Morógbò, orí rẹ̀ ti funfun, ó sì fẹ́ràn ìtàn ju súfèé lọ. Dẹkátílọ̀n ló ń kọ́ wa, ìyẹn eré mẹ́wàá tí ẹnì kan ṣoṣo máa ṣe láàárín ọjọ́ méjì. Bí a bá ti sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á ní ká jókòó lábẹ́ igi, ìtàn á sì bẹ̀rẹ̀. Ó ní láyé àtijọ́, eré márùn-ún ni àwọn ará Gíríìkì fi ń dán ọkùnrin wò: eré sísá, fífò jìnnà, jíju àwo irin, jíju ọ̀kọ̀, wọ́n á sì fi ìjàkadì kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní nígbà tó pẹ́ gan-an, àwọn ará Amẹ́ríkà àti Írẹ́láńdì gbé tiwọn dé, eré mẹ́wàá lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

"Sà, ṣé wọn ò kú?" ni mo bi í.

"Ó rẹ̀ wọ́n ni. Rírẹ̀ kì í ṣe ikú. Ìdí tí wọ́n fi wá pín in sí ọjọ́ méjì nìyẹn." Ó ní àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré márùn-ún, ó di méje. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sọ gbogbo nǹkan di máàkì, bí èèyàn ṣe sáré tó, bó ṣe fò tó, bó ṣe jù tó, tí wọ́n á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. "Ẹ má rò pé ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe ló máa gbé yín débẹ̀," ó wí. "Ohun tí ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe ni ẹ wá bá jà."

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ìtàn kan fífi ọ̀pá fò ni nǹkan bàjẹ́ fún mi. Kóòṣì ní àwọn ará ibi tí omi ti pọ̀ ní Yúróòpù ló ti ń fi ọ̀pá gígùn fo kòtò omi kiri oko wọn, kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di eré ìdíje. Mo dìde dúró. Mo ní, "Sà, nílé wa nìyẹn." Àwọn ẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà yẹn, ìgbéraga wọ̀ mí bí ẹ̀wù. Ẹni tó bá ní etí, mo sọ fún un pé àwa la ni eré náà, pé ó kàn ṣìnà dé ọwọ́ òyìnbó ni. Nígbà tí a ń fi ọparun kọ́ ọ nínú iyanrìn, èmi ni mo ń kọ́ àwọn yòókù. A ò ní ọ̀pá tòótọ́, a ò ní ọ̀pá ìdábùú tí a óò fò kọjá. A kàn ń fò láti ibì kan bọ́ sí ibì kan ni. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa kà á sí àléébù pé gbogbo ìgbà tí mo bá balẹ̀, ọparun mi wà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ nígbà náà ni Musitafa. Ọmọ oníṣòwò ni, inú ìlú Àgbádárìgì ni wọ́n ń gbé, ó sì ti sun ilé wa ní Gbẹ̀rẹ̀fú àìmọye ìgbà. Nínú gbogbo wa, òun ló ní ìpinnu. Àyè kan ṣoṣo wà ní ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn eléré ìpínlẹ̀ sọ́nà, ẹni tó bá ṣe ipò kìíní nínú ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún yẹn ni wọ́n máa fún. Tó bá di ọdún tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ orí Musitafa á ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà. Ó mọ̀ ọ́n, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Òfin kan sì tún wà tí àwọn tó ṣètò ìdíje náà ṣe: tí èèyàn tó bá parí eré mẹ́wàá náà kò bá pé mẹ́ta, wọn ò ní kà á sí ìdíje, kò sì ní sí ipò kìíní. Ẹni tó bá sì fo ẹyọ kan láìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ti jáde nìyẹn. Ṣùgbọ́n èèyàn lè gba òdo nínú ẹyọ kan kó sì máa bá eré rẹ̀ lọ.

Àwa mẹ́fà la bẹ̀rẹ̀, ní pápá kan nínú ìlú Àgbádárìgì, tí kò jìnnà sí èbúté. Ẹsẹ̀ ẹnì kan fà nínú eré irinwó mítà, wọ́n gbé e lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan ò yọjú rárá. Ẹnì kẹta fẹsẹ̀ kọ igi nínú eré fífo igi, orúnkún rẹ̀ wú. Kí ó tó di ọ̀sán, ó ku èmi, Musitafa àti Délé, ọmọkùnrin kan láti Ìjànikin tó ga tí kì í sì í sọ̀rọ̀. Musitafa ló wà níwájú, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ̀rẹ́ mi, mẹ́ta géérégé la kù o. Jọ̀ọ́, má ṣeré ipá. Ìsàlẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀."

"Ìwọ ni kí o ṣọ́ra," mo dá a lóhùn. "Ọmọ omi lo ń bá sọ̀rọ̀."

Ni mo bá lọ sọ fún àwọn adájọ́ pé kí wọ́n má pe orúkọ mi níbi tí ọ̀pá ìdábùú bá ti wà nísàlẹ̀, pé kí àwọn yòókù fi ìyẹn ṣeré, kí wọ́n pè mí tó bá ga díẹ̀. Mo gbọ́ tí Kóòṣì mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo jókòó, mo ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mo ń wo Délé àti Musitafa bí wọ́n ṣe ń fò bí ọ̀gá tó ń wo ọmọ iṣẹ́.

Wọ́n pè mí. Ọ̀pá tí wọ́n gbé fún mi kì í ṣe ọparun. Ó fúyẹ́, ó ń tẹ̀, ó tún ń ta èèyàn padà. Mo sáré, mo ti orí rẹ̀ bọ ihò tí wọ́n ṣe sílẹ̀ fún un, ó sì gbé mi. Òótọ́ ni mo ń sọ fún yín, ó gbé mi kọjá ọ̀pá ìdábùú náà pẹ̀lú àyè tó ṣẹ́kù. Àwọn èèyàn ti ń hó. Ni ọ̀pá tí mo dì mú bá tẹ̀ lé mi bọ̀, ó gbá ọ̀pá ìdábùú, gbogbo wa sì jọ balẹ̀ sórí fóòmù. Mo dìde, mo ṣì dì í mú. Adájọ́ ní, "Burọ̀dá, ẹ jù ú sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé òkè." Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìrònú pé kí n jù ú sílẹ̀ ni mo gbé sáré. Mo débi tí ọ̀pá ti dúró ṣánṣán, mo rò ó bóyá àsìkò ti tó, ọwọ́ mi ní rárá. Ọ̀pá náà dúró díẹ̀, ó yí èrò padà, ó sì rọra dá mi padà síbi tí mo ti wá. Ẹ̀yìn ni mo fi balẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Kóòṣì ti dé ẹ̀gbẹ́ fóòmù, ó ń pariwo, "Jù ú sílẹ̀! Jù ú sílẹ̀!" Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ nígbà tí mo wà lókè, àmọ́ mo tún ń gbọ́ ohùn baba mi lábẹ́ rẹ̀. Mo yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èmi àti ọ̀pá, a lọ já lu agboòrùn tí àwọn adájọ́ fi ṣíji bo tábìlì wọn, lára ibẹ̀ la sì ti yí bọ́ sí etí fóòmù. Bí mo ṣe wà nìyẹn, tí mo di ọ̀pá mọ́ àyà, tí ìwé àwọn adájọ́ ń fò kiri pápá. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn gbìyànjú, tèmi sì ti tán, òdo ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ mi. Gbogbo pápá ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tiẹ̀ béèrè bóyá mo fẹ́ gbé ọ̀pá náà lọ sílé.

Ojú ti tì mí rí, ṣùgbọ́n èyí wọ egungun. Àwọn tí mo ti yangàn níwájú wọn ni wọ́n jókòó níbẹ̀. Délé àti Musitafa ṣì ń fò lọ, ojú ò sí lára mi mọ́. Mo so bàtà ìsáré mi onííṣó méjèèjì pọ̀, mo gbé e kọ́ ọrùn, mo fo ọgbà tó wà lẹ́yìn pápá, mo sì kọrí sí èbúté. Mi ò ní parọ́ pé mi ò rántí Musitafa. Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Mo kàn sọ fún ara mi pé ó máa yé e.

Ọkọ̀ baba mi ló wà ní èbúté. Èèyàn mẹ́wàá ló ń gbà, kì í sì í gbéra láìkún. Mẹ́sàn-án ti jókòó sínú rẹ̀, ó hàn lójú wọn pé wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀. Bí mo ṣe wọlé, Ìyá Sẹ̀nàmì, aládùúgbò wa tó ń ta ẹja, sọ pé, "Ọlọ́run ṣeun, ó ti kún. Bàbá, ẹ sítáàtì, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Baba mi di okùn ẹ́ńjìnnì mú. Ó wo nọ́ńbà tó wà láyà mi. "Wọ́n ti parí?" ó bi mí. Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀, ó sì máa ń wúwo.

"Rárá, Baba."

"Ó ku mélòó?"

"Ó ku méjì. Ọ̀kọ̀, àti eré sísá tó gbẹ̀yìn."

"Ta ló lé ọ?"

"Kò sẹ́ni tó lé mi."

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ òfin èèyàn mẹ́ta yẹn fún un nílé, ó sì mọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi ń wá. "Musitafa ńkọ́?" ó wí. Mo ń wo omi. Baba mi fi okùn sílẹ̀, ó sì jókòó. Ó ní, "Ọkọ̀ ò tíì kún."

Bàbá kan tó dé fìlà bínú. "Kò kún báwo? Ẹ kà wá." Òun fúnra rẹ̀ kà wá, orí kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá la jẹ́. Baba mi náà dìde, ó fi èdè Ègùn kà wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fo èmi, ó sì ní mẹ́sàn-án ni. Bàbá onífìlà nawọ́ sí mi. "Eléyìí ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í ṣe èrò," ni baba mi wí. "Ibòmíràn ni wọ́n ti ń retí rẹ̀."

Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn yíjú sí mi. Ìyá Sẹ̀nàmì ló là á mọ́lẹ̀. "Ọmọ mi, mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ o, mi ò sì bi ọ́. Ṣùgbọ́n yìnyín tí mo rà fún ẹja ń yọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ́ ṣe tí o ò sọ̀ kalẹ̀, kí ẹni tó ń lọ lè rí àyè jókòó?"

Mo sunkún. Àgbàlagbà ọkùnrin tó ti ń fá irùngbọ̀n, mo sunkún nínú ọkọ̀ baba mi níṣojú èèyàn mẹ́sàn-án. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ sí etí èbúté, bàtà tó wà lọ́rùn mi yọ̀, ó bọ́ sómi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ nawọ́ mú un. "Fi í sílẹ̀," ni baba mi wí. "Máa lọ." Ọkùnrin tí kì í fi ohunkóhun sílẹ̀ lọ́jọ́ ayé rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbéra, mo fi ẹsẹ̀ lásán sáré padà.

Wọ́n ti ń pe orúkọ mi fún ọ̀kọ̀ jíjù nígbà tí mo wọlé. Kóòṣì bá mi lẹ́nu ọ̀nà. "Níbo lo wà látẹ̀ẹ̀kan?"

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo lọ, sà."

"Bàtà rẹ dà?"

Èèyàn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ irọ́ ní láti parí rẹ̀. Mo ní, "Ó já bọ́ síbẹ̀, sà." Kóòṣì wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀.

Ẹ̀rù ọ̀pá ti bà mí débi pé mo tètè ju ọ̀kọ̀ sílẹ̀ jù. Ó lọ sókè gan-an, ó sì balẹ̀ nítòsí ibi tí mo dúró sí. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀, nítorí náà wọ́n kà á. Ó wá ku eré mítà ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ojú pápá yẹn. Mo ti sáré wá láti èbúté, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti bó. Musitafa parí, Délé parí. Èmi ṣì ní odindi ìyípo kan níwájú mi nígbà tí ẹsẹ̀ mi òsì ká, tí mo ṣubú.

Mo gbórí sókè. Musitafa dúró sí ìdí ìlà tí eré parí sí. Òfin kò gbà á láyè kó fọwọ́ kàn mí, kò sì pariwo. Ó kàn káwọ́ lérí ni. Ohun gbogbo tó ti fi ọdún mẹ́rin ṣe wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ẹsẹ̀ tí mo fi sá lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo dìde. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì mọ́ ọn. Wọ́n ti ń ká tábìlì nígbà tí mo rá dé ìlà, ẹni tó di aago mú sì ní láti lọ pe ẹni tó ń kọ̀wé padà. Kóòṣì ń fi eteetí aṣọ nu ojú. Délé, tí mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti àná, gbá mi lọ́wọ́ mú, ó ní àṣà ni pé gbogbo ẹni tó bá parí eré mẹ́wàá á jọ yí pápá ká. Àwa mẹ́ta di ara wa mú, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi rìn. Àwọn tó ń fi mí rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ọkùnrin nìyẹn, ẹni tó fi ẹsẹ̀ lásán sáré nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo gba ìyìn náà. Mo tiẹ̀ juwọ́ sí wọn.

Ibùdó gba Musitafa. Òun náà ti di kóòṣì báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ó wá sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ nílé wọn ní Àgbádárìgì, lẹ́yìn àdúrà ó sì sọ ìtàn ọjọ́ náà fún àwọn àlejò, ó fi mí hàn wọ́n. Àwọn ìyá arúgbó ń súre fún mi. Mo gbé àwo oúnjẹ mi sílẹ̀. Mo fà á lọ sẹ́yìn ilé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọgbà tí mo fò, ọkọ̀, bàtà tó wà nísàlẹ̀ ọ̀sà.

"Mo mọ̀," ó wí. "Mo rí ọ nígbà tí o ń fo ọgbà."

"O ò sì pè mí?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo jókòó ni. Nígbà tí o padà wọlé, mo ti tú okùn bàtà mi ẹsẹ̀ kan."

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò gùn: ọ̀pá tó yẹ kí n jù sílẹ̀ ni mo dì mú, ọ̀rẹ́ tó yẹ kí n dì mú ni mo jù sílẹ̀, nítorí kí àwọn èèyàn má baà rẹ́rìn-ín. Ìtìjú tí mo ń sá fún kò tó ìdajì èyí tí mo fẹ́ lọ kó.

Musitafa fi ọwọ́ lé mi léjìká. "Ta ló dá ọ padà?"

"Baba mi ni."

"Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn." Ó mirí díẹ̀díẹ̀. "Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lo dá ara rẹ padà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni.